Awò Mẹ́ta tí Wọ́n Fi Wo Ọmọ Mi

Òórùn kíkan ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ti dé ní ilé ọkọ mi ní Houinmè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́. Omi tí wọ́n fi ń fọ fótò ni, ó máa ń rùn bí ọtí tó ti kan. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn jáde, á wọ inú ọbẹ̀ mi, á wọ inú aṣọ tí mo sá sórí okùn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá da fínégà sórí sàláàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá dìde kúrò nídìí tábìlì. Àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa rò pé fáàrí ni mò ń ṣe.

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà jókòó máa retí ẹ̀rín. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ojú òsì rẹ̀ ni àìsàn wọ̀. Ọkùnrin mẹ́ta tí gbogbo àdúgbò gbà pé ojú wọn mú ló ń wo ojú náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á wò ó títí ọrùn á fi dùn wọ́n, awò kámẹ́rà ni wọ́n sì ń wá níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ohun tí ojú wá lojú ń rí. Mo ti gbọ́ òwe yẹn látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá oríire ni.

Fótógíráfù ni ọkọ mi. Àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá Àgbà yìí ló ya ìdajì àwọn òkú Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà láàyè. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, tàbí ti àwọn ará ilé tí orúkọ wọn ṣì jẹ́ ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, tàbí ti àwọn àlàájì, fótò tó wà lókè ògiri, tó ń wo yín bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi máa wọlé ọkọ, iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Gbogbo ayé ti ní tẹlifóònù lọ́wọ́, fótò káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló kù tí ń gbé àwọn ènìyàn wá. Iṣẹ́ ń kú lọ, ṣùgbọ́n ìgbéraga iṣẹ́ wà níbẹ̀ digbí.

Kámẹ́rà tí wọ́n fẹ́ràn, ti ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí ènìyàn kì í wo inú awò rẹ̀ bó bá fẹ́ yàwòrán. Fèrèsé kékeré kan wà ní igun rẹ̀ lókè, ibẹ̀ ni ayàwòrán ń gbé ojú sí. Á rí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ní méjì, bí ẹni tó ti mutí yó, á wá rọra yí awò náà títí méjèèjì á fi wọ inú ara wọn di ọ̀kan, ìgbà náà ló tó máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí awò rí gan-an, ayàwòrán kò ní mọ̀ ọ́n àfi tó bá fọ fíìmù tán. Ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ló ṣe awò náà, wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta. Bàbá Àgbà ló ni ẹ̀dà kìíní. Idẹ ni, ó wúwo, wọ́n á kọ́kọ́ fà á jáde bí ọrùn ìjàpá kó tó ṣiṣẹ́. Fótò rẹ̀ máa ń rọ̀ wọ̀ọ̀, arúgbó tí wọ́n bá fi yà á máa ń dà bí ẹni tó sun oorun àsùngbádùn. Ẹ̀dà kejì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, olùkọ́ físíìkì ní lìsé, ilé ìwé girama. Wọ́n ti fi nǹkan aláró kan pa ojú awò tirẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta kiri nínú rẹ̀. Ọkọ mi ló ni ẹ̀dà kẹta, dúdú, fífúyẹ́, tó rà lọ́wọ́ oníṣòwò àlòkù kan ní Adjarra. Èyí kì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ihò ara, irun imú, àpá egbò ìgbà èwe, gbogbo rẹ̀ á jáde.

Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé ní fàráńdà wa, wọ́n á máa fi awò wé awò. Kámẹ́rà kan náà, àpótí ìjókòó kan náà, iná kan náà. Wọ́n á ti ẹ̀dà kìíní bọ̀ ọ́, wọ́n á yà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ti ìkejì bọ̀ ọ́, wọ́n á yà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹta. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán lórí ìwé, dúdú àti funfun, wọ́n á fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a sórí okùn nínú yàrá òkùnkùn, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń jà o, àmọ́ mo ti rí ìjà ilẹ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Olùkọ́ á ní ẹ̀dà kìíní ti darúgbó, ó ti ń ṣèrànrán. Bàbá Àgbà á ní ẹ̀dà kẹta kò ní ìtìjú, pé awò tó bá ń tú aṣọ lára àgbà kì í ṣe awò ọmọlúàbí. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó dá a lójú pé tirẹ̀ ló dára jù.

Wọ́n ní ìgò kò ní awọ ara, wọ́n ní ògiri kì í mí, pé ojú ènìyàn ni a fi ń dán awò wò. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé jókòó. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀dà kẹta kò bára wa rẹ́. Ọjọ́ tí mo rí ohun tó ṣe sí irùngbọ̀n mi, àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí mo rò pé èmi nìkan ló mọ̀ pé wọ́n wà, mo sọ fún ọkọ mi pé kó lọ máa ya ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wá lè jókòó fúnra rẹ̀, wọ́n gbé e sórí àpótí náà, òun ló wá di òṣùwọ̀n wọn. Ẹ wo bí mo ṣe ń yangàn nígbà yẹn. Màá fi sítáàṣì sí gáùn rẹ̀, màá di irun rẹ̀ ní pàtẹ́wọ́, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìyá ọba. Mo rò pé bí àwọn ọkùnrin mẹ́ta bá ń wo ọmọ ènìyàn báyìí, ọmọ náà ti rí ìfẹ́ nìyẹn.

Òfin kan wà tí wọn kì í rú. Ojú ọmọ náà tó súnmọ́ kámẹ́rà jù ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi awò mú, nítorí náà wọ́n máa ń yí i díẹ̀ kí ojú òsì wà níwájú. Irun ìpéǹpéjú òsì ni wọ́n fi ń dájọ́. Awò tí wọ́n bá lè ka irun ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fótò rẹ̀ ló borí. Nínú gbogbo ara ọmọ mi, kò sí ibì kan tí ènìyàn wò tó ibẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí nǹkan, kì í sì í ṣe nínú fótò. Iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tan àtùpà, mo gbé ọmọ sí àyà, ó gbójú sókè wò mí bó ṣe ń mu ọmú, ojú òsì rẹ̀ sì tàn gbà bí ojú ológbò. Mo gbé àtùpà kúrò, kò sí nǹkan kan. Mo gbé e padà, ó tún tàn. Mo pe ìyá ọkọ mi pé kó wá wò ó. Kí n tó sọ tán, ó ti fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní kí n má fi ọmọ ènìyàn wé ológbò láéláé, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri ní etí, pé bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde, wọ́n á ní ọmọ náà ń fò lóru, kò sì ní rí ọkọ fẹ́. Ó ní kí n máa fún omi ọmú sí i lójú. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni o, ọkọ tó máa fẹ́ ni wọ́n ń rò. Mo fún omi ọmú sí i, mo sì pa ẹnu mọ́ fúngbà díẹ̀, nítorí ìyàwó ilé ni mí, Màmá ló ni ilé.

Láàárín ìgbà yẹn ni àbàwọ́n kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú fótò wọn. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń gún ata. Ìgbà àkọ́kọ́, inú fótò ẹ̀dà kìíní ló wà, ìmọ́lẹ̀ funfun kékeré kan níbi tó yẹ kó dúdú. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó ní awò Bàbá Àgbà ti ya arúgbó tán, ìmọ́lẹ̀ kan ń ta kiri nínú rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya á sórí ilẹ̀ fàráńdà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti orí gíláàsì kan fò sórí ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Àgbà, kò jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àbàwọ́n náà jáde nínú fótò ẹ̀dà kejì. Ẹ ò rí Bàbá Àgbà bó ṣe ń jó. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, ó gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, ó ń jó yí olùkọ́ ká. Ó sọ àbàwọ́n náà lórúkọ, ó ní ìràwọ̀ ni, ó ní ìràwọ̀ olùkọ́ ti yọ.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí èmi kò fi rí ìràwọ̀ náà nínú fótò. Àṣà iṣẹ́ wọn ni kò jẹ́ kí n rí i. Lábẹ́ òfin Bàbá Àgbà, fótò kì í jáde ní yàrá òkùnkùn pẹ̀lú àbùkù. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, ó ní tàdáwà, bí nǹkan funfun bá wà níbi tí kò yẹ, á pa á rẹ́. Ó máa ń sọ pé ìtìjú oníbàárà, ìtìjú ayàwòrán ni. Bí wọ́n bá ti jà tán lórí àwọn fótò wọn, á mú èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tọ́ ọ lójú, á wá fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbà á, màá kúnlẹ̀. Ojú méjèèjì máa ń dúdú, wọ́n á máa dán. Mo kó wọn sínú àpò ìfàlọ́wọ́ mi, mò ń fi wọ́n han àwọn ènìyàn ní ọjà.

Nígbà tó yá, ẹ̀dà kẹta náà ní ìràwọ̀. Ẹ̀rín wá tán lẹ́nu ọkọ mi. Awò mẹ́ta, ìràwọ̀ kan náà, ojú kan náà, ọmọ kan náà. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn, wọ́n jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ní ògiri ni. Ògiri fàráńdà tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹfun ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n ní òun ló ń ju ìmọ́lẹ̀ padà sójú ọmọ. Wọ́n ra ọ̀dà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká apá aṣọ sókè, wọ́n kun ògiri náà ní àwọ̀ eérú. Èmi ni mo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń wo ọ̀dà nínú irùngbọ̀n olùkọ́, ọmọ mi ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kiri bó ṣe ń rìn, ó sì ń fi apá òsì kọlu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni, gbogbo wọn máa ń kọlu nǹkan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yà á lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ẹyẹlé kan bà sórí òrùlé nígbà tó kan ẹ̀dà kẹta, ọmọ sì yíjú wò ó. Fótò yẹn jáde láìní ìràwọ̀. Ti ẹ̀dà kìíní ní, ti ìkejì ní, ti ọkọ mi kò ní. Ọmọ ló yíjú o, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó yíjú ni ọkọ mi fi ra ọtí bíà fún gbogbo ilé. Ó ní wọ́n ti rí i báyìí, awò tó dára jù ti fara hàn, ìjà parí. Ìràwọ̀ tó wà nínú fótò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní ògiri ló fà á. Ti àwọn yòókù, awò wọn ló fà á. Nǹkan bí oṣù méjì ni inú rẹ̀ fi dùn bẹ́ẹ̀. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà ohun tí oṣù méjì jẹ́ fún irú àìsàn yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, mo wọ yàrá òkùnkùn lọ mú abọ́ mi kan tí wọ́n yá. Fótò ọmọ mi ń gbẹ lórí okùn, Bàbá Àgbà kò tíì fọwọ́ kàn án. Mo tan iná. Ojú ọ̀tún ọmọ mi dúdú. Òsì funfun báláú, bí ẹyin tí wọ́n bó. Ohun tí mo rí lábẹ́ àtùpà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń wò mí láti orí ìwé. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi fótò, mo sì sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo wo àwọn fíìmù àtijọ́ tó wà lára ògiri, mo gbé wọn sókè síná lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fíìmù, funfun máa ń di dúdú. Àmì dúdú kékeré kan wà nínú ojú òsì ọmọ mi láti ìgbà tó ti ń jókòó.

Mo já fótò náà, mo gbé e lọ bá ọkọ mi ní fàráńdà. Ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi bọ́tìnì èwù rẹ̀ ṣeré. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ wo ojú ọmọ yín."

Ó gba fótò náà, ó wò ó, ó ní, "Wọn ò tíì tọ́ èyí ni. Ẹ̀dà kejì ni. Mo ti sọ fún olùkọ́."

Mo ní kì í ṣe fótò ni kó wò. Ó wá na ọwọ́ sí àpótí rẹ̀, ó mú fíìmù jáde, ó mú awò kékeré tí wọ́n fi ń mú nǹkan tóbi, ó gbé fíìmù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà jókòó lórí itan rẹ̀. Orí rẹ̀ fara kan irùngbọ̀n bàbá rẹ̀. Kó tẹ orí ba díẹ̀ báyìí, á rí ojú náà gan-an, gbígbóná, tó ń ṣẹ́jú. Fíìmù ló ń wò. Inú bí mi. Mo gbé ọmọ mi kúrò lórí itan rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ara òun ti fúyẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pọn ọmọ mi, mo gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn lọ sí ilé ìwòsàn, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wò ó níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà tó rí wa ní Kútọnu, obìnrin ni, kò jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ọmọ lójú. Ó ní kí n wá síbi tí òun wà, kí n wò ó. Ó fi hàn mí bí ojú tó dá ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tí ó ṣì ń dúdú, àti bí èyí tó ń ṣàìsàn ṣe ń dá a padà ní funfun. Ó ní kókó jẹjẹrẹ ni, ó ń dàgbà nínú ẹyinjú. Ó ní bí wọ́n bá tètè mú un wá, ẹyinjú ni wọ́n ń yọ, ọmọ á sì yè. Ó bi mí bóyá fótò ọmọ wà nílé, kí òun lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Fótò kọ́ ni ìṣòro wa, Dókítà."

Ọkọ mi kó àpótí rẹ̀ wá. Dókítà tẹ́ àwọn fótò náà sórí tábìlì, ó ń fi ìka tò wọ́n, ó bi í pé èwo ló ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkọ mi fi dá a lóhùn, nítorí mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ó gbé fótò kan, ó ní, "Ẹ̀dà kìíní rèé." Dókítà ní òun kò bi í ní ti kámẹ́rà. Ó gbé òmíràn, ó ní, "Èyí, ẹ̀dà kẹta ni, ẹ wò ó, ìràwọ̀ kò sí nínú rẹ̀." Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo wọn ló ti ń sọ fún yín."

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Mo rí i bó ṣe yé e. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, mi ò sì káàánú rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ lè pè mí ní ọ̀dájú, mo gbà.

Wọ́n yọ ẹyinjú náà. Wọ́n fún un ní oògùn tó gba gbogbo irun orí rẹ̀, irun tí mo máa ń dì ní pàtẹ́wọ́. Ó fara dà á. Ó kọ́ bí a ṣe ń ka ení, èjì, ní èdè Faransé, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, ó sì máa ń yí gbogbo orí rẹ̀ sí òsì kó tó lè rí mi. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ti gba ẹ̀yìn ojú wọ orí lọ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ọmọ mi kú. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n sọ pé omi dànù, agbè kò fọ́. Ó kú. Bí àṣà wa, wọn kò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé gbé e lọ, nígbà tí wọ́n padà, wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Àgbà mẹ́ta wà lọ́jà tèmi, wọ́n gbé orí ọmọ sáàárín, wọ́n ń díwọ̀n rẹ̀.

Olùkọ́ kò wá bá mi kẹ́dùn, ó rán ìyàwó rẹ̀. Bàbá Àgbà wá. Ó gbé nǹkan kan dání tó fi ìwé wé. Ó jókòó, ó nà á sí mi. Fótò ọmọ mi ni, ńlá, ti ẹ̀dà kìíní, rírọ̀ wọ̀ọ̀ bí àwọn òkú rẹ̀ yòókù. Ó ti tọ́ ojú òsì náà. Mi ò tíì rí i kó tọ́ nǹkan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú náà dúdú, ó ń dán, ó fi ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan sí i bí ti ojú ọmọ tó ní ìlera. Ó ní, "Ìyàwó wa, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn." Ó dùn mí fún un, mo sì kórìíra rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó lọ tán, mo rẹ aṣọ sómi, mo rọra nu ojú òsì náà títí tàdáwà fi ṣí kúrò, funfun náà sì yọ. Bí ọmọ mi ṣe rí nìyẹn. Mi ò fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Èmi àti ọkọ mi gbé pọ̀ fúngbà díẹ̀ sí i. Kò lu mí, kò bú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, ó ṣàdédé sọ pé bí kì í bá ṣe ti ẹyẹlé ọjọ́ yẹn, ẹ̀dà kẹta ì bá ti fi hàn án kedere ju àwọn yòókù lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbèjà ẹbí rẹ̀. Mo gbé abọ́ mi kúrò níwájú rẹ̀, mo di ẹrù mi, mo kó lọ sí àdúgbò Tokpota.

Ibẹ̀ ni mo wà di òní. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mò ń ta mílíkì, ṣúgà, ọṣẹ àti nǹkan ọmọdé. Tẹlifóònù mi kì í jìnnà sí ọwọ́ mi, nítorí tọ́ọ̀ṣì tó wà lára rẹ̀. Bí ìyá kan bá pọn ọmọ wá, màá bá ọmọ náà ṣeré, màá pè é títí á fi wò mí, màá tan iná sí i lójú, ojú ọ̀tún, ojú òsì, kíá, màá sì pa iná náà. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní, ọ̀rọ̀ sì ti ń jà rànyìn ní àdúgbò. Wọ́n ní obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, tó sì ń wá ojú ọmọ olọ́mọ kiri, kì í ṣe ènìyàn lásán. Wọ́n ní kí wọ́n má gbé ọmọ wá bá mi nírọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn ti ń lọ ra mílíkì níbòmíràn. Bí mo bá wà nípò wọn, ó ṣeé ṣe kí èmi náà sá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan wá ra ọṣẹ, àjèjì ni, kò tíì gbọ́ ìròyìn mi. Ọmọ rẹ̀ kò ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìyá rẹ̀ kígbe, ó fi ìborùn bo ọmọ lórí, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi ṣépè, pé ohun tí mò ń wá lójú ọmọ òun, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí i. Àwọn ènìyàn jáde wá ń wò wá. Mo ti rí ojú ọmọ náà kó tó bò ó, ọ̀tún àti òsì, àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ń ṣépè, mo sì ń ṣe àmín sí i láti ọkàn mi wá.